Ẹ Jẹ́ Ká Gbójú Sókè Wo Òrùlé Ilé Àwọn Òbí Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjẹ ọdún kẹwàá

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún jọ pé báyìí ní ogún ọdún, kí ẹnikẹ́ni má sọnù láàárín wa.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí Alukoro bá yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ yín ti máa retí pé a máa to àṣeyọrí ẹgbẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Akọ̀wé ti ṣe ìyẹn nínú ìwé ìrántí yìí, àwòrán sì tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ òrùlé la mú wá. A rí àwọn kan tí wọ́n ti ń wo ara wọn lójú pé ṣé ilé ìfowópamọ́ ti lé Alukoro ni tó fi di káfíńtà. Rárá o, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́.

Láti oṣù kẹrin èṣí ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la rántí. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ká páànù apá ẹ̀yìn kúrò lórí ilé ìyá ọ̀kan nínú wa, tòun ti igi, ó gbé e sọ sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọlọ́run ló yọ màmá, ilé ìdáná ni wọ́n wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọmọ ẹgbẹ́ ti kún ibẹ̀. A dáwó, a ra páànù, a ra igi, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí màmá fi padà sí yàrá wọn. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe nìyẹn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá sí i. Àmọ́ káfíńtà tó ṣiṣẹ́ náà mú ọ̀kan nínú àwọn igi tó já lulẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán rún un bí ẹni ń rún búrẹ́dì tó ti gbẹ. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìjì kọ́ ló ṣe é o. Ikán ti jẹ ẹ́ tán tipẹ́tipẹ́. Ìjì kàn wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa títí dòní. Bí ẹ bá ka ọjọ́ orí ilé tí àwọn bàbá wa kọ́, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́ nígbà tí owó epo rọ̀ṣọ̀mù, láti àwọn ọdún 1970 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìyẹn ni pé àwa àti òrùlé yẹn, ẹgbẹ́ ni wá. Ọjọ́ orí kan náà la wà. Àwa ti ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, a ti ń wo ìwé lókèèrè kí ojú tó lè kà á, orúnkún ti ń dún bí a bá gun àtẹ̀gùn. Òrùlé tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa kò tíì rí dókítà kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bò ó.

Àwọn baba ńlá wa kì í gbàgbé òrùlé, nítorí òrùlé tiwọn kò gbà kí wọ́n gbàgbé. Ní ìhà igbó bíi ti Ìjẹ̀bú níbí, ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bolé. Ní ìhà ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni. Ewé a máa jẹrà, koríko a máa jẹrà, nítorí náà kò sí bí ọdún díẹ̀ ṣe máa kọjá tí wọn kò ní tún un bò. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ, tí wọ́n ń ru koríko náà wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá sì ń fẹ́ ìyàwó, ara ohun tí àna rẹ̀ lè pè é sí ni pé kí ó wá bá òun bo ilé. Á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ ṣe ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ẹmu á sì tẹ̀lé e. Ẹ gbọ́ o: ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà ló ń gun òrùlé bàbá ìyàwó ọ̀rẹ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì la gbé wá síwájú ẹgbẹ́ lónìí.

Páànù ló yí i padà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló ti gba Èkó wọlé, ó sì tàn dé ìlú dé ìlú títí ó fi di pé ilé tí kò ní páànù lórí, aláìní la mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun rere ni, kò sí ẹni tó fẹ́ padà sábẹ́ gbòdògì pẹ̀lú ejò àti iná. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bíbo ilé parí, wíwo òrùlé náà parí pẹ̀lú rẹ̀. A wá ń rò pé páànù kì í kú.

Ó ń kú. Páànù àtijọ́, irin ni, síńkì ni wọ́n fi bò ó lára. Síńkì yẹn ló ń gba ìyà fún irin. Bí òjò ti ń rọ̀ tí ọdún ń gorí ọdún, ó ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá sì tán ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ní gbangba láàárín páànù tí ojú lè tètè rí i. Ibi tí páànù kan ti gun orí èkejì, níbi tí omi máa ń sá pamọ́ sí, àti ìdí ìṣó, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè wo òrùlé láti ojú títì kó ní ó ṣì dára, nígbà tí ìṣó kò rí nǹkan dì mú mọ́.

Báwo la ṣe máa wò ó? Àkọ́kọ́ ná, kò sí ìdí tí ọmọ ẹgbẹ́ kankan fi gbọ́dọ̀ gun òrùlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àwọn kan nínú wa ṣì rò pé ọmọ ogún ọdún ni wọ́n. Páànù tó ti jẹrà kò ní sọ fún ẹsẹ̀ pé òun ti jẹrà. Ìyàwó àti ọmọ yín nílò yín ju bí òrùlé ṣe nílò yín lọ. Iṣẹ́ káfíńtà ni, òun náà mọ̀ pé orí ìlà ìṣó ni òun gbọ́dọ̀ máa tẹ̀, níbi tí igi wà lábẹ́.

Èyí tó jẹ́ tiwa ni ká dúró lókèèrè, lódì-kejì ọ̀nà tàbí ní ìpẹ̀kun ọgbà, ká wo ìlà ṣónṣó òrùlé. Ó yẹ kó gùn tààrà bí okùn tí a fà. Bí ó bá tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin, igi abẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ká yọ fóònù, ká fi kámẹ́rà rẹ̀ fa òrùlé súnmọ́ra, ká ya gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fóònù tí a fi ń ya ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Kí ni a ń wá? Etí páànù tó ti ṣí sókè bí ojú ìwé tí afẹ́fẹ́ ń ṣí. Ìṣó tó ti yọ orí jáde, nítorí oòrùn ọ̀sán ń mú páànù fẹ̀, òtútù òru ń mú un sún kì, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó ń fa ìṣó sókè. Páànù orí ṣónṣó tó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ka igi máńgòrò tó ń ha òrùlé nígbàkígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, tí ewé rẹ̀ sì ń dí ojú omi. Pákó ìwájú tó wà ní etí òrùlé, bó ti dúdú tí ó sì ń gé jẹ.

Ká wo ilẹ̀ náà. Lábẹ́ ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń dà, a lè rí ìṣó páànù tó já bọ́ tòun ti rọ́bà ọrùn rẹ̀ nínú yanrìn. Ẹni tó bá rí mẹ́ta nínú irú ìṣó bẹ́ẹ̀, kò tún nílò àlàyé mìíràn. Ká sì wo òkè ògiri lóde, ní abẹ́ òrùlé gan-an: bí ó bá ti ní ewéedò tàbí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó, omi ń gba ibẹ̀ wọlé.

Inú ilé ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Kí a tó gbójú sókè wo àjà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ibo ni báàfù àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí wà? Kí ló dé tí bẹ́ẹ̀dì màmá fi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ti wà láti ìgbà tí a ti gbọ́njú? Èwo nínú àwọn yàrá ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa tí wọ́n ní àwọn kì í lò ó mọ́? Màmá kò ní sọ. Wọ́n á ní, “Kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń kán díẹ̀ ni, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu.” Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ìyá tó ní yàrá márùn-ún, tó wá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ jọ sínú yàrá kan ṣoṣo, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ààyè tóóró.

Lẹ́yìn èyí ni ká wá wo àjà. Àmì òjò lára àjà máa ń yípo, àárín rẹ̀ á ṣì funfun díẹ̀, etí rẹ̀ á pupa bíi tíì. Bí ẹ bá rí etí méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀kan wà nínú èkejì, kì í ṣe òjò ẹ̀ẹ̀kan ló ṣe é. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fà á yí etí àmì náà ká, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn òjò ńlá tó bá tẹ̀lé e, kí ẹni tó wà nílé wò ó. Bí ọ̀rinrin bá ti rékọjá ìlà pẹ́ńsù, òrùlé ṣì ń jò. Bí kò bá rékọjá, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ àtijọ́ tó ti san. Ọ̀nà yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì ń gbà wá lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó bá fẹ́ sọ pé gbogbo òrùlé ni ká ṣí.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni òjò ń wọlé láti òkè ibi tí àmì wà gan-an. Omi á gba ihò kan nítòsí ṣónṣó òrùlé, á máa rìn lọ lábẹ́ páànù àti lára igi, á rìn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá nígbà mìíràn kó tó rí ibi já bọ́ sí. Ẹni tó bá di ihò tó wà lókè àmì nìkan, kò dí nǹkan kan. Nítorí náà, bí ihò tí a lè gbà wọ inú àjà bá wà, kí ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ gun àkàbà yọjú síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn bá mú. Kí ó kọ́kọ́ pa iná ilé láti ibi mítà, nítorí wáyà tó wà nínú àjà lè ti bó, omi àti iná kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Kí ó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà, kí ó dúró díẹ̀ kí ojú mọ́ òkùnkùn lára. Ibi tí òrùlé ti lu á máa tàn bí ìràwọ̀. Ilé mìíràn wà tí ẹ ó rí gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run nínú àjà rẹ̀. Kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó súnmọ́ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Níbẹ̀ náà ni kí ó ti mú ìṣó ńlá, kí ó fi gún igi níbi mélòó kan, pàápàá níbi tí igi ti jókòó lé orí ògiri. Igi tó le kò ní gbà á. Èyí tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ẹ̀bà, ó ti lọ. Kí ó wò bóyá ọ̀nà ikán wà lára ògiri, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ilẹ̀ ni ikán ti ń wá. Nítorí náà bí a bá pààrọ̀ igi láìwá ibi tí ó gbà gòkè, oúnjẹ tuntun la gbé síwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ orí àjà fúnra rẹ̀, orí igi nìkan ni ẹsẹ̀ lè dúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ asbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà ló ní in, yálà gẹ́gẹ́ bí àjà tàbí gẹ́gẹ́ bí òrùlé, nítorí kì í jẹ́ kí ooru mú, kì í sì í dípẹtà. Eruku rẹ̀ ni aburú. Ó tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ, bí a bá fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀ sí, kò sì ní jáde mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo irú rẹ̀ ló lè fa jẹjẹrẹ, àìsàn náà sì lè pẹ́ tó ọdún 20 tàbí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Bí ó bá wà ní pípé, tí kò fọ́, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má fọ́ ọ láti fi dí kòtò ojú ọ̀nà bí a ṣe ń rí i káàkiri. Bí ó bá di dandan kí a yọ ọ́, kí a fi omi rin ín dáadáa, kí a yọ ọ́ lódindi, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bo imú wọn pẹ̀lú ohun ìbomú tó nípọn tó sì bá iṣẹ́ náà mu, kí a fi ọ̀rá dì í, kí ọmọdé àti màmá sì ti kúrò níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gun òrùlé rẹ̀ rárá, ó máa ń ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ láìkìlọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín pé ilé tuntun lẹ̀yin ń gbé ní Èkó, ẹ dúró ná. Pàráfẹ́ẹ̀tì tó bo etí òrùlé yín tí ilé fi dà bíi pé kò ní òrùlé, gọ́tà kọ̀ǹkéré wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ewé àti ọ̀rá bá dí ojú páìpù tó ń gbé omi jáde, gọ́tà náà á di odò adágún, omi á sì máa wá ọ̀nà gba inú ògiri sọ̀kalẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó o mọ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí wọ́n sì tún kó o nígbà ìsinmi òjò oṣù kẹjọ. Àwọn tó ti gbé sólà sórí ilé náà ń kọ́? Ihò mélòó ni àwọn oníṣẹ́ lu, kí ni wọ́n sì fi dí i? A ti rí ilé tí iná kò kú níbẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí òjò wá di àlejò inú pálọ̀.

Ti ìjì, ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òkè ló ti ń tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, abẹ́ ló ti ń gbé e. Etí òrùlé àti igun rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ká. Bí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìjì bá sì ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ inú ilé, á tún máa ti òrùlé láti inú bí ẹni ń fẹ́ bàlúù. Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn tó wà nílé pé bí ojú ọ̀run bá ṣú ní oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tàbí nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kí wọ́n ti fèrèsé. Ẹ sì bi káfíńtà bóyá igi tó wà lórí ògiri ní irin tàbí wáyà tó so ó mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀pọ̀ ilé ló kàn gbé òrùlé lé orí bí ẹni dé fìlà, ìwúwo rẹ̀ nìkan ló dì í mú.

Lórí àtúnṣe, a ò ní pẹ́. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń kùn sórí ihò kì í ṣe oògùn, ìbora ni. Oòrùn á là á kó tó pẹ́. Ìṣó tó ti yọ, a kì í gbá a padà sínú ihò rẹ̀ kan náà, ẹ ní kí wọ́n lo ìṣó oníṣúkúrù tó nípọn jù ú lọ tó sì ní rọ́bà. Orí gọngọ páànù ni ìṣó ń wọ̀, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ níbi tí omi ń gbà. Páànù álúmínọ́ọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n bí ó bá fara kan irin lásán nínú ọ̀rinrin, yóò jẹ, sìmẹ́ńtì tútù náà máa ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ bèèrè bó ṣe nípọn tó. Ó wà ní 0.45, ó wà ní 0.55, ó wà ní 0.7 mílímítà, àwọn ọjà kan sì wà tí wọ́n kọ ọ̀kan sára wọn tí wọ́n jẹ́ òmíràn. Ẹ mú irinṣẹ́ ìwọ̀n dání. Kí ẹ sì san owó káfíńtà tó mọ iṣẹ́, ẹ má fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lé e lọ bá ẹlòmíràn.

Ohun kan tó kan iṣẹ́ tiwa ní bánkì: bí ènìyàn bá mú ilé wá fi ṣe ìdúró, ayẹ̀wò ni a ó kọ́kọ́ rán lọ, òrùlé tó ti kú sì ń gé iye tí ilé náà tó. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò náà lè gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjì, owó rẹ̀ ní ọdún kan kò sì tó bí a ṣe ń rò. Àmọ́ wọn kì í sanwó fún ohun tó gbó fúnra rẹ̀. Bí ìjì bá gbé òrùlé tí ikán ti jẹ, àríyànjiyàn dé. Àwòrán tó ní ọjọ́ lára, tó fi hàn pé òrùlé wà ní pípé kí ìjì tó jà, wúlò gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣòro sọ. Àwa ọmọ Yorùbá mọ bí a ṣe ń tún ilé ṣe. Bí òbí bá kú, tí a bá ti mú ọjọ́ ìsìnkú, ẹ ó rí i bí káfíńtà àti akunlé ṣe máa ń dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, páànù tuntun á gorí ilé, àjà á di funfun, ọ̀dà á dé ara ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, nítorí àlejò ń bọ̀. Wọ́n á wá tẹ́ ìyá sínú yàrá tí kò jò mọ́, ìyá tó ti fi ọdún méje máa gbé báàfù kiri lóru nínú yàrá yẹn kan náà. A kò bú ẹnikẹ́ni. A mọ̀ pé owó máa ń yọ láti ibi gbogbo nígbà òkú, ẹgbẹ́ á dá, ará ibi iṣẹ́ á dá, àna á dá. Ìbéèrè wa ni pé kí ló dé tí kì í yọ ṣáájú? Ẹgbẹ́ yìí kan náà, àwa tí a jókòó síbí, la máa ń dá a. Aṣọ tí a wọ̀ lónìí dára, kò sí ẹni tó ní ká má wọ̀ ọ́. Ojúde Ọba ń bọ̀, a ó tún dá òmíràn, a ó sì yọ lójú agbo. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ owó kékeré lé orí aṣọ kọ̀ọ̀kan, tí a pè é ní àpò òrùlé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí nìyí, ẹ ó sì rí i nínú ìwé ìpàdé. Ní oṣù kìíní tó ń bọ̀, nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ gbẹ tí ìjì kò tíì bẹ̀rẹ̀, a ó pín ara wa ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mẹ́ta kọ̀ọ̀kan á lọ wo ilé òbí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò ní wo ilé ìyá tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyá á tan ọmọ tó bí pé kò sí nǹkan kan, kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀ padà sí Èkó, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti pàṣẹ fún ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ pé kó má wọ yàrá ẹ̀yìn. Kí a mú èso dání, kí a kúnlẹ̀, kí a dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kí a jókòó jẹun bí wọ́n bá fún wa, kí a tó sọ pé a fẹ́ wo òkè. Kí a má sì sọ níwájú wọn pé ilé wọn ti bàjẹ́. Àwòrán ni ká yà, ká kó o fún Akọ̀wé, kí òun àti ọmọ onílé jọ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó mú káfíńtà lọ, èyí tó bá kéré kí ọmọ onílé ṣe é, èyí tó bá wúwo kí àpò òrùlé gbé apá kan nínú rẹ̀. Ní ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, a ó padà lọ wo ìlà pẹ́ńsù.

Àkàbà gígùn kan ti wà nílé Akápò, tọ́ọ̀ṣì mẹ́fà náà ti wà níbẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbí lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àdúgbò tí ilé wà àti nọ́ńbà ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń pín ìwé ìrántí. Ẹni tí òbí rẹ̀ kò sí mọ́, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí àgbà kan ń gbé ilé náà, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú. Orúkọ mọ́kànlélógún ló ti wà níbẹ̀ kí ijó tó bẹ̀rẹ̀.